Ta Ni Kí Ó San Owó Ẹsẹ̀ Ẹni Tí Ó Mú Ayálégbé Wá?

Ọ̀ràn kan ń bẹ tí àwọn onílé àti àwọn ayálégbé ń bá ara wọn fà ní ìlú Èkó, tí àwọn ará Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta pẹ̀lú sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ dunjú. Ọ̀ràn náà nìyí: bí yàrá kan bá ṣófo nínú ilé, tí ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti ń gbé ibẹ̀ lọ sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí ẹni náà wá, tí ó san owó, tí ó sì kó ẹrù wọlé, ǹjẹ́ ó tọ́ kí onílé fún ẹni tí ó mú un wá ní ohun kan? Àwọn kan ní ó tọ́, nítorí pé ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ yẹ kí ó gba ọ̀yà. Àwọn mìíràn ní kò tọ́, pé oore ni ènìyàn ń ṣe fún ọmọnìkejì rẹ̀, a kì í sì í ta oore. Àwa ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò, èrò wa sì ni pé ó tọ́ kí onílé fún un, bí ó bá ṣe pé inú àpò onílé fúnra rẹ̀ ni owó náà ti jáde. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ìjà wà. Lónìí, owó ń bẹ tí àwọn ènìyàn ń gbà lórí ayálégbé tuntun, kò sì kéré. Ṣùgbọ́n ayálégbé tuntun náà, ẹni tí a ń wá kiri, ni ó ń san án.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Kí a mú ilé tí owó rẹ̀ jẹ́ ₦600,000 ní ọdún kan. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó, ẹni tí ó fẹ́ gbé e yóò san ₦600,000 náà; yóò san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún fún ajẹ́ǹtì, èyí tí í ṣe ₦60,000; yóò tún san ìdá 10 mìíràn fún ìwé àdéhùn, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní owó àgíríìmẹ́ǹtì, ₦60,000 mìíràn nìyẹn; wọ́n sì lè ní kí ó fi ₦60,000 lélẹ̀ nítorí ohun tí ó lè bàjẹ́ kí ó tó jáde. Ó di ₦780,000. A kò tí ì ka owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un láti wo inú yàrá, a sì mọ̀ pé àwọn kan wà tí ìdá 10 kò tó wọn, tí wọ́n ń béèrè 15 tàbí 20. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù ní 2023, tí ohun gbogbo sì gbówó lórí, owó ilé pẹ̀lú ti gòkè. Bí owó ilé bá sì ti gòkè, ìdá mẹ́wàá rẹ̀ ti gòkè nìyẹn, láìjẹ́ pé ajẹ́ǹtì fi ohun kan kún iṣẹ́ rẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ìta dé inú yàrá kò jìn ju ti àtijọ́ lọ.

Ta ni ó rán ajẹ́ǹtì níṣẹ́? Onílé ni ó pè é. Onílé ni ó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Onílé ni ó sọ irú ènìyàn tí òun fẹ́ àti irú èyí tí òun kò fẹ́ fún un, pé kí ó bá òun wá òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò ní ọmọ púpọ̀, tí kì í sì í pẹ́ níta lóru. Bí àríyànjiyàn bá dé, ẹ̀yìn onílé ni ajẹ́ǹtì yóò wà, kò ní dúró ti àlejò. Àwọn baba wa ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a rán ni sí. Ajẹ́ǹtì mọ òwe yìí, ó sì ń fi í ṣe ìwà hù. Kìkì pé nígbà tí ó bá di ọ̀rọ̀ owó, ẹni tí a rán an sí ni ó ń nawọ́ sí. Bí ìyá bá rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ọjà, ṣé ọwọ́ ẹni tí ń ta ata ni ọmọ náà yóò ti gba owó ọkọ̀?

Òfò ilé tí ó ṣófo, onílé ni ó ń jẹ ẹ́. Ilé ₦600,000 lọ́dún jẹ́ ₦50,000 lóṣù. Bí ó bá wà ní títì fún oṣù méjì, ₦100,000 ti wọmi, kò sì sí ẹni tí yóò dá a padà. Ẹni tí ó bá mú kí ilé náà kún láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, onílé ni ó ṣe lóore, oore náà sì ní iye tí a lè kà. Bí ẹni tí ó mú wá bá tún jẹ́ ènìyàn tí ń san owó rẹ̀ ní àsìkò, oore náà di méjì. Onílé tí ó bá ti lọ sí kóòtù nítorí ayálégbé tí kò sanwó mọ iye oṣù tí ó lò níbẹ̀ àti iye tí agbẹjọ́rò gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

A kò bá àwọn ajẹ́ǹtì jà. Àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ náà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ń bẹ, ẹgbẹ́ wọn ti wà láti ọdún 1969, òfin sì mọ̀ wọ́n. Wọ́n ń yẹ ìwé ilé wò, wọ́n ń díye lé ilé, wọ́n ń bá onílé tí ń gbé òkè òkun bójú tó ohun ìní rẹ̀. Irú wọn yẹ fún ọ̀yà, ọwọ́ ẹni tí ó gbà wọ́n síṣẹ́ ni kí wọ́n sì ti gbà á. Ẹni tí ń bí wa nínú ni èyí tí kò ní ọ́fíìsì, tí kò ní pátákó, tí gbogbo dúkìá rẹ̀ kò ju fóònù kan lọ, tí ó ń gba owó wíwo ilé lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́wàá lórí yàrá kan ṣoṣo, nígbà mìíràn lórí yàrá tí ẹlòmíràn ti ń sùn sí. Ìròyìn nípa ilé kan tí a gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin kì í ṣe ohun àjèjì létí ẹnikẹ́ni ní Èkó.

Ẹni tí ó ti ń gbé inú ilé kò lè ta irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ó mọ onílé lójú, ó sì mọ̀ bóyá yàrá náà ṣófo lóòótọ́. Ó mọ̀ bóyá kànga a máa gbẹ ní oṣù Ẹrẹ́nà, bóyá omi àgbàrá a máa wọlé nígbà òjò, bóyá yàrá kọ̀ọ̀kan ní mítà iná tirẹ̀ tàbí gbogbo ilé ni ó ń pín owó iná tí wọ́n sì ń jà lé e lórí ní òpin oṣù. Ó mọ̀ bóyá ọmọ onílé a máa mu ọtí yó kí ó sì máa kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Kò sí èyí nínú ohun tí pátákó tí a kọ “To Let” sí lè sọ fún ni, àní ìgbà tí àwọn ọmọ kéékèèké kò bá tí ì fi lẹ́tà kan kún un kí ó di ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Irú ìmọ̀ yìí wúlò fún àlejò, ó sì wúlò fún onílé, nítorí pé ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà nínú ilé kí ó tó wọ̀ ọ́ kì í fi ìbínú jáde ní oṣù kẹta.

Ìdí kan tún wà tí ó tóbi ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, a sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ gbà á yẹ̀wò. Nígbà tí ó bá jẹ́ pé àlejò ni ń san gbogbo owó ìwọlé, ìjáde ayálégbé àtijọ́ ti di ìkórè. Ẹ wò ó báyìí. Bí ẹni tí ó ti gbé yàrá fún ọdún mẹ́fà bá san owó ọdún keje, owó ilé nìkan ni ó san. Kò sí owó ajẹ́ǹtì níbẹ̀, kò sì sí owó ìwé àdéhùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jáde tí ẹlòmíràn wọlé, ₦120,000 tún hù jáde lórí ilé ₦600,000 wa yìí. Ajẹ́ǹtì yóò mú tirẹ̀. Alámòójútó ilé, ẹni tí a ń pè ní kiatéka, a máa fọwọ́ kàn án. Àwọn onílé kan sì wà tí wọ́n ń bá wọn pín nínú rẹ̀, ìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n ti fi kún owó ilé nítorí àlejò. Ó wá di pé ẹni mẹ́ta ni ó ní èrè nínú kí opó tí ń gbé yàrá ẹ̀yìn kó jáde, kò sì sí ẹnì kan tí ó ní èrè nínú kí ó jókòó. Ìyá náà lè máa san owó rẹ̀ déédéé, kí ó máa gbálẹ̀ àgbàlá láìjẹ́ pé ó kan òun, síbẹ̀ wọn yóò rí ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. A kò sọ pé gbogbo ìwé tí a fi ń lé ènìyàn jáde ni ó ti ibẹ̀ wá. Ohun tí a ń sọ ni pé bí a bá la ọ̀nà owó sí ibì kan, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu nígbà tí ẹsẹ̀ bá pọ̀ níbẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ yí i padà. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ onílé ni yóò san owó ẹsẹ̀ ẹni tí ó bá mú ayálégbé wá, ìbáà jẹ́ ajẹ́ǹtì, ìbáà jẹ́ ará ilé. Ìjáde ayálégbé di ìnáwó fún onílé. Kí ó tó kọ ìwé kúrò-nílé-mi, yóò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Bí páànù bá ń jò lórí ẹni tí ń sanwó déédéé, yóò rí i pé àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n tó kí ó máa wá ẹlòmíràn. Ẹ̀yin onílé tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí yóò sọ pé a ń ṣe ti ayálégbé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Onílé tí ó tọ́jú ará ilé rẹ̀ kì í sábà wá ènìyàn, nítorí náà kì í sábà san owó ẹsẹ̀. Èyí tí ń lé ènìyàn kiri lọ́dọọdún ni ọ̀rọ̀ yìí yóò ni lára.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni irú ọ̀ràn yìí ti ṣẹlẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ní ìlú ńlá ti fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ṣáájú wa. Ní Jámánì, òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Òkudù ọdún 2015 pàṣẹ pé ẹni tí ó bá pe ajẹ́ǹtì ni kí ó san owó rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin mìíràn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Òkudù 2019, ó sì gbé owó ajẹ́ǹtì àti owó ìwé àdéhùn kúrò lọ́rùn ayálégbé. Àwọn ọmọ wa tí ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù mọ adùn èyí, nítorí pé wọ́n ti san irú owó bẹ́ẹ̀ rí. Ní ìlú New York, ọjọ́ 11 oṣù Òkudù 2025 ni òfin tiwọn bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó dé, ní ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, ayálégbé ni ó ń san owó fún ajẹ́ǹtì tí onílé pè, owó náà a sì máa tó ìdá 12 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ọdún kan. Ẹ ò rí i pé New York àti Èkó fara jọ ara wọn ju bí a ti rò lọ.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó súnmọ́ ọ̀ràn wa jùlọ ni ti Ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ gba owó lórí bíbá onílé wá ayálégbé. Òfin náà wá ṣí fèrèsé kékeré kan sílẹ̀: onílé lè fún ẹni tí ó ti ń gbé ilé rẹ̀ ní ẹ̀bùn bí ó bá mú ẹlòmíràn wá sínú ilé kan náà, bí ẹ̀bùn náà kò bá ti ju $50 lọ lẹ́ẹ̀kan, ayálégbé náà kò sì gbọdọ̀ polówó ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń bá ènìyàn wá ilé. A fẹ́ràn ọgbọ́n tí ó wà nínú òfin yìí. Ó mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín aládùúgbò àti oníṣòwò, ó sì fi iye owó náà pa ààlà sí i: owó tí ó tó láti fi dúpẹ́, tí kò tó láti fi jẹun.

Ní tiwa ńkọ́? Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá fọwọ́ sí ní 2011, sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, àti pé ẹni tí ó bá rú u lè san ìtanràn ₦100,000 tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ó ní kí onílé máa fún ayálégbé ní ìwé ẹ̀rí owó tí ó bá gbà. Ó yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀ nínú àṣẹ rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ bí àwọn ènìyàn ti ń pa òfin yìí mọ́ sí. A kò ní lo àkókò lórí ìyẹn. Ní ọdún 2025, a gbé àbá òfin tuntun wá síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó, tí ó fẹ́ kí owó ajẹ́ǹtì má ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé lọ, kí gbogbo ajẹ́ǹtì sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ LASRERA, àjọ tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ láti máa mójú tó òwò ilé àti ilẹ̀.

A yin àwọn tí ó ronú kan èyí. Ṣùgbọ́n dídín owó kù kò dáhùn ìbéèrè ta ni kí ó san án. Lórí ilé wa yìí, ìdá 5 jẹ́ ₦30,000 dípò ₦60,000. Ìrọ̀rùn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdajì gbèsè ẹlòmíràn kò tọ́ sí ni lọ́rùn bí odindi rẹ̀ kò ti tọ́. Ohun kejì ni pé, bí a bá ní ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ ajẹ́ǹtì, kí ni a ó pe tíṣà tí ó mú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí yàrá tí ó kọjú sí tirẹ̀, tí onílé sì fún ní ₦20,000? Ṣé arúfin ni? Àwa kò rò pé ohun tí àwọn aṣòfin ní lọ́kàn nìyẹn. A rọ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé ará ilé lè gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ onílé lórí ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé, kí wọ́n dá iye tí kò gbọdọ̀ kọjá, kí wọ́n sì fi òfin dí ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má gba kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ àlejò nítorí rẹ̀.

Àwọn tí ó lòdì sí ẹ̀bùn yìí ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu, a kò sì ní fojú fo ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n ní bí owó bá ti wọ̀ ọ́, ẹ̀rí ti di títà. Ẹni tí a bá ṣèlérí owó fún yóò sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé omi kì í wọ ilé náà, nígbà tí ó mọ̀ pé a máa dé orúnkún; yóò sì sọ fún onílé pé ọ̀rẹ́ òun a máa sanwó bí aago, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti yá a lówó tí kò rí gbà. Ẹ̀rù yìí tọ́. Nínú àṣà wa, alárinà a máa jẹ nínú ìgbéyàwó tí ó ṣe, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé ó burú. Ṣùgbọ́n alárinà tí ó ti gba ẹ̀bùn kí ìyàwó tó dé ilé ọkọ, a kì í gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu rẹ̀ nípa ìwà ọkọ. Nítorí náà, kí onílé má ṣe san owó náà ní ọjọ́ tí ẹrù wọlé. Kí ayálégbé tuntun gbé oṣù mẹ́fà ná. Bí àlàáfíà bá wà ní oṣù kẹfà, ẹ̀rí tí ará ilé jẹ́ kì í ṣe irọ́. Bí kò bá sí, owó náà wà lápò onílé. Kí ẹni tí ó mú un wá sì wí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé onílé yóò fún òun ní ohun kan. Ẹni tí ojú bá ń tì láti sọ èyí mọ ohun tí ó fà á.

Ẹ̀rù kejì wúwo jù ú lọ. Ará ilé a máa mú ẹni tí ó mọ̀ wá, ẹni tí a mọ̀ sì sábà jẹ́ ọmọ ìlú ẹni, ẹlẹ́sìn ẹni, ẹni tí a jọ ń sọ èdè kan náà. Bí onílé bá fi wíwá ayálégbé sọ́wọ́ àwọn ará ilé pátápátá, láàárín ọdún mẹ́wàá ilé náà lè di ti ìran kan ṣoṣo, kí ọmọdébìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kàlàbá tàbí Ìlọrin dé wá iṣẹ́ má rí ilẹ̀kùn tí yóò kàn. Èkó kì í ṣe ìlú bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó kọ́ Èkó ti ọ̀nà jíjìn wá, àwọn kan nínú wọn sì ti Brazil àti Cuba padà wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí a sì rí àdúgbò fún wọn ní erékùṣù. Ìdí nìyí tí a kò fi ní kí ẹnikẹ́ni mú pátákó kúrò lẹ́nu ọ̀nà tàbí kí ó dá ajẹ́ǹtì olóòótọ́ dúró. Kí onílé gba ọ̀rọ̀ ará ilé, kí ó sì ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Kí ó fi òṣùwọ̀n kan náà wọn àwọn méjèèjì. Tí ajẹ́ǹtì bá ń gbọ́ láti ẹnu onílé pé kí ó má mú irú ẹ̀yà báyìí wá, ọ̀rọ̀ ìtìjú ni, ẹ̀bùn kò sì ní wo irú àrùn bẹ́ẹ̀ sàn.

Ohun kan tún wà tí a fẹ́ fi ìka tọ́, nítorí pé a rí i pé àwọn onílé kan ń dà á pọ̀. Ẹni tí ó júwe ilé kì í ṣe onídùúró. Bí ẹni tí ó mú wá bá jẹ owó ilé, kí onílé má ṣe lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tí ó mú un wá ní aago márùn-ún òwúrọ̀ pé ọ̀rẹ́ rẹ dà. Onídùúró ní ìwé tirẹ̀ tí ó fọwọ́ sí, ojú rẹ̀ sì là nígbà tí ó fọwọ́ sí i. Ẹ̀bùn ₦20,000 kò ra gbèsè ₦600,000.

Àwọn onílé yóò ní owó tí àwọn bá san, àwọn yóò fi lé owó ilé ni. Bóyá. Ohun tí àwọn onílé New York wí náà nìyẹn nígbà tí òfin tiwọn ń bọ̀. Ṣùgbọ́n owó tí ó bá wọ inú owó ilé, gbogbo ènìyàn ni ó ń rí i. Ẹni tí ń wá ilé lè fi ilé kan wé òmíràn kí ó tó gbéra. Èyí tí ó fara pamọ́ lẹ́yìn owó ilé, ọjọ́ tí a ti san ìdajì owó tán ni a ń mọ̀ ọ́n. Yàtọ̀ sí èyí, iye tí àwa ń sọ kò tó ohun tí ó lè mú owó ilé gòkè. Èrò wa ni pé kí ẹ̀bùn ará ilé má ju ìdajì owó ilé oṣù kan lọ. Lórí ilé ₦600,000, ₦25,000 nìyẹn, iye tí onílé ń pàdánù bí yàrá náà bá ṣófo fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Bí ó bá tẹ́ ẹni tí a fẹ́ fún lọ́rùn, onílé lè yọ ọ́ nínú owó ilé ọdún tí ń bọ̀ dípò kí ó kà á lé e lọ́wọ́. Àwọn tí owó ilé ń lé kiri yóò fẹ́ èyí ju owó ọwọ́ lọ. Kí ó má sì ju ẹni méjì lọ tí ènìyàn kan yóò mú wá láàárín ọdún kan, kí a má bàa jí ní ọjọ́ kan kí a rí i pé tíṣà wa ti fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó ti di ajẹ́ǹtì.

Ti pé kí ẹnì kan máa sọ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì láìdáa nítorí kí yàrá lè ṣófo, a gbà pé ó lè ṣẹlẹ̀. Ilé oníyàrá méjìlá tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn kì í ṣe ibi tí òfófó ti wọ́n. Ṣùgbọ́n ₦25,000 tí a ó dúró dè fún oṣù mẹ́fà, tí a kò sì ní rí bí ìjà bá wà nínú ilé, kò tó ohun tí ènìyàn yóò torí rẹ̀ ba aládùúgbò jẹ́. Ìdá 20 tí ajẹ́ǹtì àti kiatéka ń pín lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni ó tó bẹ́ẹ̀.

Onílé tí ó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ kò nílò kí ó dúró de òfin. Bí yàrá kan bá fẹ́ ṣófo ní oṣù tí ń bọ̀, kí ó pe gbogbo àwọn tí ń gbé ilé rẹ̀ jọ ní ọjọ́ kan náà, kí ó sọ iye tí òun yóò fúnni àti ìgbà tí òun yóò fún un, kí ó sì sọ ọ́ fún àlejò pẹ̀lú nígbà tí ó bá dé. Nígbà tí oṣù mẹ́fà bá pé, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rí owó kan náà tí òfin ọdún 2011 ní kí ó máa fún wọn, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó gbà á, iye rẹ̀, àti yàrá tí ó jẹ́.